Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìgò Omi Lo Ínhélà fún Ọmọ Tó Ní Ikọ́ Fée

Káfíńtà ni mí ní Arówómọlẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, èmi kì í ṣe dókítà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ní ikọ́ fée. Ẹni tó kọ́kọ́ ta ínhélà fún wa nígbà ọyẹ́ kò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́nu, á húkọ́, á tutọ́, àyà rẹ̀ á ṣì máa dún fíì-fíì. Ọ̀fun ni oògùn náà ń dúró sí. Nọ́ọ̀sì kan ló wò mí tó ní, "Bàbá Àdùkẹ́, ẹ lọ wá ìgò omi."

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé dókítà ọmọdé kan, Heather Zar, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town, ní South Africa, ti dán an wò lára àwọn ọmọ tí ikọ́ fée gbé dé ọsibítù, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1999. Ìgò ike 500 ml tí wọ́n dá ihò sí ìdí rẹ̀ fún ẹnu ínhélà, tí wọ́n sì dí etí ihò náà, ṣiṣẹ́ bíi ti spésà tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, ìyẹn ike tó ń gba oògùn dúró kí ọmọ lè fà á sínú díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọn ò dí kò tó o. Kọ́ọ̀bù tí wọ́n lò dípò ìgò ló gbẹ̀yìn pátápátá.

Nítorí náà, ihò yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ìgò, kí ẹ dojú rẹ̀ dé kó ro gbẹ. Ẹ má fi aṣọ nù ún o: ike tí wọ́n fi aṣọ nù máa ń fa oògùn mọ́ra, bí kóòmù ṣe ń fa irun. Ẹ gbé ẹnu ínhélà lé ìdí ìgò, kí ẹ fi báírò yà á. Ẹ tẹ wáyà bíi ìlà yẹn, ẹ fi ẹ̀mú dì í mú nínú iná èédú títí á fi pọ́n, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìgò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Kí ihò kéré ju ẹnu ínhélà lọ díẹ̀, kó lè há. Ọ̀bẹ ni mo fi gé ti àkọ́kọ́, èmi tí mo ń pe ara mi ní oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ya, oògùn sì ń tú sí mi lọ́wọ́. Ẹ fi gọ́ọ̀mù yí etí rẹ̀ ká láti ìta, kí ẹ gbé e síta títí òórùn rẹ̀ á fi lọ.

Ẹ kọ́kọ́ fín oògùn sínú ìgò tuntun bíi ẹ̀ẹ̀mẹta kó lè lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mi ínhélà, kí ọmọ jókòó gbọọrọ, kó fi ètè há ẹnu ìgò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Kó mí sínú, kó mí síta, ẹ̀ẹ̀mẹfà, láìyọ ẹnu. Èmi máa ń kà á fún un: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ òmíràn, ẹ tún un mì.

Ínhélà aláwọ̀ búlúù kàn ń ṣí ọ̀nà èémí ni. Àwọn olùwádìí tó bu díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀ wò rí i pé ó wú, ara rẹ̀ sì lè máa nípọn sí i, kódà lára ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí GINA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ikọ́ fée, fi sọ ní 2019 pé kí àgbàlagbà àti ọmọ ọdún 12 sókè má lo búlúù nìkan mọ́. Ti ọmọ kékeré, ẹ bi dókítà nípa ínhélà tó ń dẹ wíwú náà, kí ọmọ sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Eruku arère àti ìrókò wà lára ohun tó ń fa ikọ́ fée fáwa káfíńtà. Mi ò lè sọ pé òun ló fún ọmọ mi, ìyá mi náà ní in. Ṣùgbọ́n mo ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù báyìí kí n tó wọlé.

Bí ìhà ọmọ bá ń wọnú, tí kò lè sọ̀rọ̀ tán, tàbí ètè rẹ̀ yí àwọ̀, ẹ gun ọ̀kadà lọ ọsibítù, kí ẹ máa fún un ní búlúù lọ lójú ọ̀nà. Ìgò tó bá ti sán, ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ ra omi mìíràn mu.