Àwọn àṣìṣe tí kì í jẹ́ kí agbábíyáà di ọ̀gá

Bí ẹ bá wọ ilé ọtí tó ní tábìlì bíyáà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan bá fi gbogbo agbára lu bọ́ọ̀lù, tó wọ ihò gbàà, wọ́n á hó yèè. Bí ẹlòmíì bá rọra gbá tirẹ̀ wọlé, tí funfun, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a ń fi ọ̀pá gbá lu àwọn yòókù, sì dúró síbi tí yóò ti rọrùn láti gbá èyí tó kàn, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ó ń dùn mí, torí ẹni kejì yẹn ló ń gbá bíyáà. A ní àwọn ọmọ tí ojú wọn mú, tí ọwọ́ wọn sì balẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ́ lẹ́nu òǹwòran ló ń dá wọn dúró sójú kan. Àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi agbára rọ́pò ọwọ́

Lọ́jọ́ kan ní Kétu, nílé ọtí kan tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ọ̀dọ́kùnrin kan ti gbá gbogbo bọ́ọ̀lù onílà rẹ̀ tán. Ó ku bọ́ọ̀lù 8 dúdú, èyí tí a fi ń parí eré. Ẹnu ihò gan-an ni 8 yìí wà, àlàfo àárín wọn kò ju ìbú ìka méjì lọ, funfun sì wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀. Ọmọdé á gbá a wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin yìí fa ọ̀pá sẹ́yìn títí ìdí rẹ̀ fi kan ògiri, ó sì fi lu òkè funfun kíkankíkan. 8 wọlé lóòótọ́; funfun náà tẹ̀ lé e wọlé. Ẹni tí funfun rẹ̀ bá bá 8 wọlé ti pàdánù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bàbá tí wọ́n jọ ń gbá a kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ní: "Ọmọ mi, kí ló ń lé ẹ?"

Ihò máa ń fẹ̀ fún bọ́ọ̀lù tó ń rọra bọ̀, ó sì máa ń fún mọ́ èyí tó ń sáré. Bọ́ọ̀lù tó rọra kan ètè ihò ṣì lè yí wọlé, èyí tó fi eré kàn án á ta padà. Ibi tí ọ̀pá ti kan funfun ló sì ń sọ ohun tí funfun máa ṣe lẹ́yìn tó bá kan bọ́ọ̀lù kejì. Bí ẹ bá lu òkè rẹ̀, á máa lọ síwájú. Bí ẹ bá lu ìsàlẹ̀ rẹ̀, á padà wá bá yín. Bí bọ́ọ̀lù kejì bá wà nítòsí lọ́ọ̀ọ́kán, tí ẹ lu àárín gbùngbùn, á dúró gbọn-in. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tó bá wù ú kò tíì ní ohun tó fẹ́ fi agbára ṣe.

Ẹ má wo bọ́ọ̀lù tó ń wọlé nìkan

Bí funfun bá ń yọ̀ lọ láìyí, tó sì kan bọ́ọ̀lù mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà tí àwọn méjèèjì bá gbà pínyà á dá igun bíi ti etí ìwé. Ẹni tó mọ èyí ti mọ ibi tí funfun ń lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbá a. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá kì í bẹ̀rẹ̀ ìrònú látorí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Orí 8 ni wọ́n ti ń rò ó padà sẹ́yìn: ibo ni mo fẹ́ kí funfun wà nígbà tí mo bá fẹ́ gbá 8? Bọ́ọ̀lù wo ló máa gbé e débẹ̀?

Ní oṣù kẹta ọdún 1954, ní Springfield, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Willie Mosconi gbá bọ́ọ̀lù 526 wọlé tẹ̀ léra wọn láìtàsé. Ó di 2019 kí John Schmidt tó gbá 626, Jayson Shaw sì gbá 714 ní 2022. Kò sí ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù líle tó bẹ́ẹ̀ láìtàsé. Ohun tí irú àwọn èèyàn yìí ń ṣe ni pé bí wọ́n ṣe ń gbá ọ̀kan wọlé ni wọ́n ń fi funfun síbi tí èkejì á fi rọrùn, kó má baà di dandan fún wọn láti ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹ̀bùn tó yẹ kí a máa pàtẹ́wọ́ fún nìyẹn.

Ẹ má pe ẹni tó fi bọ́ọ̀lù pamọ́ ní ojo

Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá dá funfun dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀lù mìíràn kí alátakò má lè rí tirẹ̀ gbá, wọ́n á ní ẹ̀rù ń bà á. Àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní ìrẹ́jẹ. Èrò yìí burú. Nínú eré bọ́ọ̀lù 9 tí wọ́n ń gbá ní ìdíje àgbáyé, bọ́ọ̀lù tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lórí tábìlì ni funfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Bí kò bá kàn án, alátakò á gbé funfun síbikíbi tó bá wù ú. Ìpamọ́ kan tó dára lè sàn ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó wọlé lọ.

Efren Reyes, ọmọ Philippines tí wọ́n sọ ní Onídán, ni ẹ̀rí mi. Ní Reno, lọ́dún 1995, ìgbà kan wà tí Earl Strickland, ọ̀gá agbábíyáà ọmọ Amẹ́ríkà, fi bọ́ọ̀lù pamọ́ fún un. Reyes fi funfun lu etí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà wọlé, títí dòní làwọn èèyàn ṣì ń wo fídíò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù pamọ́ fún láti kékeré ló ń mọ bí a ṣe ń jáde bẹ́ẹ̀. Níbi tí gbogbo èèyàn bá ti ń tijú láti fi bọ́ọ̀lù pamọ́, kò lè sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jáde.

Orí ìjókòó ni wọ́n ti ń pàdánù

Bí alátakò bá ti wà nídìí tábìlì, ẹ̀yin á jókòó, ọ̀pá láàárín orókùn, kò sì sí ohunkóhun tí ẹ lè ṣe sí i. Ó lè gbá eré méjì tàbí mẹ́ta tán kó tó tàsé. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ní kí ẹ dìde, kí ọwọ́ yín má sì gbọ̀n. Mo ti rí àwọn tó ń fi ìjókòó yẹn bú ara wọn, àwọn tó ń fi í tẹ fóònù, àti àwọn tó ń ṣàlàyé fún òǹwòran pé oríire lásán ni alátakò ní. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n ti pàdánù. Ẹ máa wo tábìlì ní gbogbo àkókò yẹn: ihò wo ló fún jù, ibo ni bọ́ọ̀lù ti ń yà díẹ̀, etí wo ni kì í ta bọ́ọ̀lù padà dáadáa. Alátakò ń fi hàn yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní 1996, Reyes àti Strickland pàdé ní Hong Kong, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 120 eré ni yóò gba 100,000 dọ́là. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbá a. Ìgbà kan wà tí Strickland fi eré 17 ṣíwájú. Reyes jókòó nígbà tó yẹ kó jókòó, ó dìde nígbà tó kàn án, ó sì jẹ ẹ́ ní 120 sí 117. Ẹni tó bá ń ka 17 nínú ara rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Eré tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ gbá.

Àwọn ọmọ wa kan á ní Strickland náà kì í dákẹ́, ó ń bá òǹwòran àti rẹfirí jà, síbẹ̀ ó gba US Open ti bíyáà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì gba ife àgbáyé ní 1990, 1991 àti 2002. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fara wé e níbẹ̀. Ìbínú rẹ̀ ni fídíò ń gbé kiri. Àìmọye wákàtí tó fi dá wà nídìí tábìlì kò sí nínú fídíò kankan.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni Francisco Bustamante, ọmọ Philippines bíi ti Reyes. Nínú ìdíje àgbáyé ọdún 2002 ní Cardiff, wọ́n pè é láti ilé pé ọmọbìnrin rẹ̀ jòjòló ti kú. Ó gbá ìdíje náà títí dé àṣekágbá, Strickland sì fi 17 sí 15 borí rẹ̀. Ẹlòmíì ì bá ti ju ọ̀pá nù pátápátá. Bustamante padà wá gba ife yẹn ní Doha ní 2010.

Ní ti ariwo, Shane Van Boening, tó gba ife àgbáyé ní 2022, kì í gbọ́ràn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀rọ ló fi ń gbọ́, ó sì lè pa á nígbà tó bá fẹ́ gbá. Àwa kò ní ohun tí a lè pa. Bí ẹnì kan bá pariwo nígbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ọ̀pá, ẹ má dá a lóhùn, ẹ má sì gbá a bẹ́ẹ̀. Ẹ nàró, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọtí kì í bá ọwọ́ rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ títí eré á fi parí. Ẹ má fi owó ọjà ìyá yín ta tẹ́tẹ́. Ẹ má sì gbà fún ẹni tó ní ṣe ni wọ́n bí ọ̀gá mọ́ ọn: inú gbọ̀ngàn bíyáà arákùnrin òbí rẹ̀ ní Manila ni Reyes ti dàgbà, orí tábìlì ló ń sùn, orí àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sì ń dúró kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ tábìlì. Èyí tí a ń fi ẹyọ owó gbá nílé ọtí sábà máa ń tó ẹsẹ̀ bàtà 7, ti ìdíje àgbáyé jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9. Ẹni tó ń na gbogbo èèyàn ládùúgbò lórí kékeré lè máa tàsé bí òpè lórí ńlá, torí ọ̀nà jìn, àṣìṣe kékeré sì máa ń fẹ̀ sí i bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Bí ẹ bá rí tábìlì ńlá ní Kútọnu, ẹ má fi owó lé e lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kan sí àárín tábìlì, ẹ gbé funfun sí igun kan, ẹ máa gbá a lọ sí igun tó dojú kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, títí funfun á fi máa dúró síbi tí ẹ fẹ́.