Ìwọ́de ní Èkìtì: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín Gbé

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìlú kan nítòsí Adó wá bá mi. Wọ́n fẹ́ ṣe ìwọ́de ọjọ́ ìlú wọn, wọ́n sì ti san 80,000 náírà fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ ọ̀gá kan ní káńsù. Ohun tó kó fún wọn ni ìwé pélébé kan tó ní orúkọ káńsù lórí, tí kò ní nọ́ńbà, tí kò ní déètì, tí òǹtẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti fà débi pé ẹnikẹ́ni ò lè kà á. Mo wo ìwé náà, mo wo ojú wọn, inú mi bàjẹ́. Ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì wà nínú wọn, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ wà níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjì ni wọ́n ń dá tó fi di owó yẹn.

Ọdún kejìlá mi rèé tí mo ti ń bá ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ṣètò ìwọ́de káàkiri Èkìtì. Ó ti sú mi láti máa rí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Èkíní, ẹ yé ra "pámíìtì ìwọ́de" káńsù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Public Order Act ti ọdún 1979. Òfin náà kò fi àṣẹ ìwọ́de sọ́wọ́ alága káńsù rárá. Gómìnà ló gbé e fún, gómìnà sì lè ní kí kọmíṣánnà ọlọ́pàá máa bá òun ṣe é. Ibi tí ẹ máa dúró sí ló kan káńsù. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ọjà àti gáréèjì mọ́ iṣẹ́ wọn. Tó bá jẹ́ inú ọjà tàbí gáréèjì tàbí pápá tó jẹ́ ti káńsù ni ìwọ́de yín máa parí sí, ẹ gba káńsù lọ fúnra yín, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà, ẹ san án sínú àkáǹtì ìjọba, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kó owó wá fún òun lábẹ́ igi níta ọgbà káńsù, ẹ kí i, kẹ́ ẹ kọjá.

Èkejì, ẹ má lọ kúnlẹ̀ bẹ ọlọ́pàá pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ rìn. Abala 40 ìwé òfin fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti péjọ ní àlàáfíà. Lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ tó wà láàárín ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé kò tọ́ kí ọlọ́pàá máa ní kí èèyàn gba pámíìtì kó tó lè péjọ. Police Act ti 2020 náà wá sọ ọ́ ní abala 83 pé bí ẹnì kan bá ti fi tó ọlọ́pàá létí pé òun fẹ́ ṣe ìpàdé tàbí ìwọ́de ní ìta gbangba, ọ̀gá tó ń mójú tó agbègbè náà gbọ́dọ̀ yan àwọn tó máa ṣọ́ wọn. Nítorí náà, ohun tí lẹ́tà yín máa sọ ni: "A ń fi tó yín létí, a sì ń béèrè ààbò." Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni, kò sí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ka èyí lórí fóònù, wọ́n wá ń sọ pé àwọn ò ní kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló máa dá tírélà dúró fún yín? Wákàtí 48 ni òfin 1979 ní kí ìwé fi ṣáájú. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ̀kẹta, èyí ló ń dùn mí jù: ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó ń wá bá mi, bóyá ni méjì máa mú un dání. Wọ́n á ní àwọn ti kọ̀wé. "Ẹ̀dà tiyín dà?" Wọ́n á máa wo ara wọn. Lẹ́tà tí ẹ kò ní ẹ̀dà rẹ̀, tí ẹni tó gbà á kò buwọ́ lù, kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ kò kọ.

Ibi tí mo ti kọ́ ọ kò dáa. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo mú lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. DPO, ọ̀gá àgọ́ náà, fi ọ̀yàyà gbà mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fọkàn balẹ̀." Mo fi lẹ́tà náà sílẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, mo padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kó tó di ọjọ́ ìwọ́de, wọ́n ti gbé DPO náà lọ sí ibòmíràn. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ tó lé ní 300 ti tò sójú títì, ìbọ̀sẹ̀ funfun lẹ́sẹ̀, ìlù lọ́rùn àwọn tó wà níwájú. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan dé. "Ta ló ní kẹ́ ẹ dí ọ̀nà?" Mo ní a ti kọ̀wé. Ó ní kí n mú ẹ̀dà tèmi wá. Kí ni mo fẹ́ mú wá?

Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró nínú oòrùn yẹn. Ọmọbìnrin kan tó gbé ìlù ńlá, okùn ìlù náà ti bó awọ èjìká rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí tíṣà rẹ̀ gba ìlù lọ́rùn rẹ̀ la tó rí i pé ibẹ̀ ti pọ́n rokoṣo. Ní àgọ́, sájẹ́ǹtì kan ṣáà rí lẹ́tà náà nígbẹ̀yìn. Abẹ́ fáìlì ló wà, ife tíì ti fi àmì róbótó sí i lórí. Ẹ̀bi mi ni, mi ò tíì gbé e kúrò lọ́kàn títí dòní.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu méjì tó kù. Kí ẹni tó gbà á kọ orúkọ rẹ̀, déètì àti aago, kó sì buwọ́ lù ú. Wọ́n lè sọ fún yín pé òǹtẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá sì ti jáde. Ẹ wá àga jókòó dè é. Ilẹ̀ ṣú mọ́ mi níbẹ̀ rí. Bí òǹtẹ̀ kò bá sí rárá, kí wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ pé àwọn ti gbà á, kí wọ́n kọ ipò àti nọ́ńbà wọn sí i. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Tó bá ku ọjọ́ méjì, ẹ padà lọ wò bóyá ọ̀gá tó gbà á ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ mú fọ́tòkọ́pì ọ̀tun fún ẹni tuntun, kí òun náà buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ ìwọ́de gan-an, kí ẹni tó wà níwájú mú ẹ̀dà kan dání, kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá mú ìkejì, torí ẹ kò mọ ibi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá máa gbà yọ.

Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "a ó yí ìlú ká." Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti máa gbéra, oríta tẹ́ ẹ máa yà ní, ibi tẹ́ ẹ máa parí sí, aago méjèèjì, àti iye èèyàn. "Láti Fájuyì, gba Òkèṣà, dé Ọjà Ọba" yé ẹni tó fẹ́ pín ọlọ́pàá sí oríta. Bó bá sì jẹ́ ojú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ lẹ fẹ́ gbà, irú èyí tó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá láti Adó lọ sí Àkúrẹ́, ẹ kọ̀wé sí Road Safety náà. Tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì kì í dúró lójijì. Ẹ mú apá kan ọ̀nà, ẹ fi apá kejì sílẹ̀ fún ọkọ̀.

Ẹ má mú ọjọ́ láìbéèrè láàfin. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ùdírókò ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ ní ọdún Olósùnta, àwọn ìlú kan sì ní ìgbà tí ìlù kì í dún rárá. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà pẹ̀lú. Mo ti rí ìwọ́de tó wọ àárín àwọn ìyá tó pàtẹ tòmátì sí etí títì. Ṣé a ṣì ń pe ìyẹn ní ayẹyẹ?

Ẹ má fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjá níwájú ilé ìwòsàn.

Ẹ má kọ nọ́ńbà ẹni tí kì í gbé ìpè sínú lẹ́tà.

Ẹ ṣa ọ̀rá piọ wọ́tà yín kẹ́ ẹ tó lọ.

Ó ku kan, ó sì ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ìfẹ̀hónúhàn lẹ fẹ́ ṣe, ẹ kọ ìfẹ̀hónúhàn. Àwọn aládùúgbò kan tí iná wọn ti lọ fún oṣù mẹ́rin kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn fẹ́ rìn fún ìlera ara. Wọ́n dé oríta kìíní, wọ́n gbé páálí tí wọ́n kọ "Ẹ fún wa ní tiransifọ́mà" sókè. Àwọn ọlọ́pàá méjì tó ń bá wọn rìn kàn dúró, wọ́n pe ọ̀gá wọn, ó di ariwo. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bínú, òfin sì wà lẹ́yìn wọn. Irọ́ inú lẹ́tà yẹn ló sọ wọ́n di ẹni tí a ń fura sí.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jókòó kọ lẹ́tà mẹ́ta lọ́jọ́ náà: ọ̀kan fún DPO, ọ̀kan fún káńsù nítorí gáréèjì tí wọ́n fẹ́ parí sí, ọ̀kan fún ààfin. Láàárọ̀ yìí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Òǹtẹ̀ náà hàn kedere, déètì wà níbẹ̀, ẹni tó gbà á kọ aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ìbuwọ́lù rẹ̀. Ọkùnrin tó gba 80,000 kò tíì gbé fóònù rẹ̀.