Ẹ̀dà mẹ́rin, ìwé kan ṣoṣo: bí mo ṣe tún un ṣe

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní Kétu ni ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin ìwé àdéhùn kan wà lórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta: «contrat» (àdéhùn lédè Faransé), «contrat final», «contrat final 2», «contrat bon». Èyí tí a ti pa tì ni a tẹ̀ fún ìyá àgbà kan pé kó fọwọ́ sí. Ó dùn mí gan-an, torí ẹsẹ̀ ni ìyá fi rìn wá.

Mo kó gbogbo fáìlì sí ojú kan, sínú ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi nọ́ńbà sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìwé kọ yóò kọ́kọ́ tì í pa. Àwọn yòókù lè kà á, wọn ò lè yí i padà títí yóò fi dá a padà. Ẹ̀dà àtijọ́ kì í sọnù.

Wíwá ìwé ló gba àkókò mi jù. Ìwé tí a fi skánà yà, àwòrán lásán ni lójú kọ̀ǹpútà. OCR, ìyẹn ètò tó ń ka lẹ́tà inú àwòrán, ló ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tó ṣeé wá. Ohun tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, ó kà á dáadáa. Ti ọwọ́ kíkọ ni mo jókòó tẹ̀ fúnra mi. Mo wá so orúkọ àgbẹ̀, abúlé àti ọjọ́ mọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, bíi 2024-03-07, kí fáìlì lè tò tẹ̀léra. Èyí tí yóò pẹ́ nílẹ̀, PDF/A, irú PDF tí wọ́n ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, ni mo sọ ọ́ dà.

Ìyá náà padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwé rẹ̀ ti jáde kó tó jókòó tán.