Yàrá Tutù, Switch Ń Jóná: Ìrírí Mi Lórí Yàrá Ráàkì

Amúlétutù kejì tí a rà fún yàrá ráàkì yìí, ìyẹn yàrá tí férémù irin tí a to ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí wà, ṣì ń bí mi nínú. Ẹni tó ta switch (ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) fún wa ló ní ká rà á, ó ní èyí tó wà nílẹ̀ kò lágbára tó. Irọ́ ni. Kí a tó ra ohunkóhun ni mo ti ṣe ìṣirò: gbogbo iná tí sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sin àwọn yòókù), switch àti UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ) ń jẹ kò ju wáàtì 4,800 lọ. Wáàtì kan tí ẹ̀rọ bá jẹ, ooru BTU 3.412 (BTU ni òṣùwọ̀n ooru) ló ń dà ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bí 16,400 lápapọ̀. Mo fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé e nítorí ògiri, gílóòbù àti èèyàn tó bá wọlé, a sì gbé ti BTU 24,000 kọ́. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù.

Síbẹ̀, switch méjèèjì tó wà lókè ráàkì kò yéé ké pé ooru ń pa àwọn. Tamómítà ara ògiri ń ka 21°C. Bí mo bá tẹ show environment, àṣẹ tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe gbóná tó hàn, lórí switch, imú rẹ̀, ìyẹn ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, ń ka 41°C. Ìlànà ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà, ní kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ̀rọ wà láàárín 18°C sí 27°C. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ̀rọ ni wọ́n wí o, kì í ṣe ti ara ògiri. Òtútù pọ̀ nínú yàrá, kò kàn dé ibi tí a ti nílò rẹ̀ ni, kò sì sí iye amúlétutù tó lè tún ìyẹn ṣe. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, owó wa ni wọ́n sì fi ń pa á.

Ohun tó fà á rèé. Sáfà máa ń fa afẹ́fẹ́ níwájú, á sì tú ooru sẹ́yìn. Ẹ̀yìn yẹn náà ni pọ́ọ̀tì sáfà, ìyẹn ihò tí a ń ki wáyà sí, wà, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ojú pọ́ọ̀tì switch sẹ́yìn kí wáyà lè kúrú. Kò sí àléébù níbẹ̀. Àmọ́ irú switch yìí ní oríṣi fáànù méjì: ọ̀kan ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lójú pọ́ọ̀tì, èkejì ń tú u jáde níbẹ̀. Èkejì ni a nílò, a sì kọ ọ́ gbàgàdà sínú ìwé tí a fi ra ọjà. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n kó wá. Switch wá ń fa ooru tí sáfà tú sílẹ̀ lẹ́yìn, ó sì ń tì í padà síwájú kí sáfà tún fà á.

Ẹ má wo orí páálí nìkan, ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n fi ń fa fáànù náà jáde. Lára switch Cisco Nexus, àwọ̀ búlúù ni èyí tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde lójú pọ́ọ̀tì, èyí tó pupa bí wáìnì ló ń fà á wọlé.

Nígbà tí wọ́n jàjà gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, fáànù nìkan ni wọ́n kó dé! Páwà sọ́pláì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń fún switch ní iná, náà ní fáànù tirẹ̀ nínú. Bí ìhà tí wọ́n ń fẹ́ sí kò bá bára mu, switch mìíràn á máa ké, òmíràn á pa ara rẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkọ lákọ̀tun. Ẹ béèrè méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì má buwọ́ lù ìwé gbígba ọjà títí ẹ ó fi tú páálí wò.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ráàkì wa jìn ní sẹ̀ńtímítà 107, switch kò sì gùn ju 50 lọ. Bí ojú pọ́ọ̀tì bá wà lẹ́yìn pátápátá, imú rẹ̀ á wà láàárín ráàkì, níbi tí ooru ti ń rìn kiri. Páìpù onígun mẹ́rin tí a fi páànù ṣe, láti òpó iwájú dé imú switch, ló yanjú rẹ̀. Mo fi páànẹ́ẹ̀lì dí gbogbo àyè tó ṣófo níwájú, U kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwọ̀n àyè ẹ̀rọ kan nínú ráàkì, ga ní mìlímítà 44.45, mo sì fi fóòmù dí ẹ̀gbẹ́ òpó méjèèjì, torí ráàkì tó fẹ̀ ní mìlímítà 800 máa ń ní àlàfo níbẹ̀. Mo yọ ilẹ̀kùn onígíláàsì, a fi onííhò rọ́pò rẹ̀. Amúlétutù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ báyìí, imú switch sì ń ka 24°C. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ká ra méjì wá wò ó.

 Mo tún fẹ́ mẹ́nu ba wáyà ilẹ̀ (earth) ráàkì: wáyà bàbà tó nípọn tó 16 mm² kò wúlò bí ẹ bá dè é mọ́ orí ọ̀dà. Ẹ ha ọ̀dà náà títí irin á fi yọ, kí ẹ tó fún bọ́ọ̀tì.

Ẹ má gbé amúlétutù sókè ráàkì gan-an, torí omi tó ń kán. Ẹ sì wò ó bóyá ó lè tan fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ tó padà dé. Amúlétutù inú ilé mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: UPS á gbé sáfà ró, iná á dé, amúlétutù á dákẹ́, yàrá á sì máa gbóná títí ẹnìkan á fi wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ já iná rẹ̀ láti bọ́ọ̀dù, ẹ dá a padà, kí ẹ dúró wò ó. Bí kò bá tan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí sáfà kankan tó wọlé.