"Wọ́n ní kò sí ilé-ìwé lónìí": àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa òbí ọmọ ilé-ìwé ìjọba l'Ékòó

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, PTA tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Èbúté Mẹ́ta. Kò sówó nínú iṣẹ́ náà, èébú ló pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ilé-ìwé a máa sọ̀rọ̀. Àwa òbí la máa ń lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ Ajé kan báyìí. Òjò rọ̀ mọ́jú, ojú títì kún. Kò tíì tó aago mẹ́fà àárọ̀ tí ohùn obìnrin kan wọlé sórí WhatsApp wa: "Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ jáde o, wọ́n ti ti ilé-ìwé pa." Ta ni obìnrin yìí? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ilé-ìwé wo ló ń wí? Kò dárúkọ kankan. Kí ó tó di aago méje, ohùn náà ti dé Mákòkó, ó ti dé Iwáyà, ọ̀rẹ́ mi kan ní Bàrígà sì tún fi ránṣẹ́ sí mi bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo dé ilé-ìwé, àwọn tíṣà pé pérépéré. Ọmọ 11 ló jókòó ní kíláàsì Púrámárì 6 tó yẹ kó gba ogójì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń gba orúkọ àwọn tí yóò ṣe ìdánwò ìwọlé sí JSS1. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń wá àwọn òbí tó kù kiri, tí wọ́n tún wá ń bínú sí wa pé ẹnikẹ́ni kò sọ fáwọn.

Ẹ má fi àgbọ́sọ pinnu ọjọ́ tí ọmọ yín yóò lọ sílé-ìwé. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé jáde fún ọdún ẹ̀kọ́, ọ́fíìsì tó ń mójú tó ojúlówó ẹ̀kọ́, OEQA, ló ń ṣe é, ó sì de ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni pọ̀. Ọjọ́ ìwọlé, ìsinmi àárín táàmù, ọjọ́ ìparí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ní kí tíṣà fún yín ní ẹ̀dà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì tàbí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí ìjọba bá fẹ́ yí i padà, wọn kì í fi ohùn obìnrin tí kò lórúkọ kéde rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí Kòrónà, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Ẹni tí ohùn bá bá lórí ibùsùn, kó pe tíṣà kíláàsì ọmọ rẹ̀. Ìpè ìṣẹ́jú kan ni. Ìròyìn kò tó àfojúbà, bí a kò bá sì lè fojú bà á, ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó wà níbẹ̀.

Orúkọ ọmọ

Èyí tó máa ń dun òbí jù, tí wọn kì í sì í mọ̀ títí ọmọ á fi dé JSS3, ni ọ̀rọ̀ orúkọ. N kò lè bú ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀ nítorí èmi pàápàá jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fi àkọ́bí mi sílé-ìwé, mo wà lọ́jà Oyíngbò, ìyá mi ló mú un lọ. Tíṣà béèrè orúkọ. Màmá ní Dáre, bí wọ́n ṣe ń pè é nílé nìyẹn. Wọ́n béèrè orúkọ ìdílé, Màmá dárúkọ bàbá mi àgbà, torí òun ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wá mọ́. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ náà sì rèé, Oluwadamilare ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi gan-an. Nígbà tí a lọ gba NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fo lẹ́tà kan, èmi náà sì fọwọ́ sí i láìwò, torí èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, oòrùn sì ń pa mí. Ọmọ kan, orúkọ mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún BECE, ìdánwò ìparí JSS3, ni ojú mi là. Mo lọ búra ní kóòtù, mo sanwó kí wọ́n tó gbé e sínú ìwé ìròyìn, mo tún padà sọ́dọ̀ àwọn NIN. Ìgbà mélòó ni mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa? N kò kà á mọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. L'Ékòó tòní, ó yẹ ká wo fọ́ọ̀mù pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí le ju bó ṣe rí lójú lọ. Láti ọdún 2021 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, kò ti gba ẹnikẹ́ni láìsí NIN. Ọmọ á fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù, orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó bá wà lórí NIN yẹn ni yóò sì jáde síbẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó fi ka ìwé fún ọdún 12. Àwọn ẹbí Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo máa ń káàánú jù. Ọmọ á ní orúkọ tí àlùfáà sọ ọ́, á ní èyí tí ìyá àgbà fún un, á ní oríkì, ẹni tó bá sì mú un lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ náà ni yóò mú èyí tó wù ú nínú wọn. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ lórúkọ púpọ̀. Kí ẹ ṣáà kọ èyí tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí sórí pépà kékeré, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ sì fi lé ẹni tó ń mú ọmọ lọ lọ́wọ́.

Káàdì tí ilé ìwòsàn fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bímọ kọ́ ni mò ń wí o. Òfin ọdún 1992 ló fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí lé Àjọ Ìkànìyàn, NPC, lọ́wọ́. Ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ọ̀pọ̀ òbí ni kì í lọ títí tí ilé-ìwé á fi bi wọ́n, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá máa wá ẹni tó "mọ ọ̀nà", ẹni náà á sì gba owó ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Owó

Lórí owó, oríṣi òbí méjì ló ń ṣìṣe, wọ́n sì máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọ̀kan á san ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó san, sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni, láìgba rìsíìtì. Èkejì kì í wá sípàdé rárá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ owó, ó ti dé ẹnu géètì, ó ń pariwo pé ìjọba ní ọ̀fẹ́ ni.

Òótọ́ ni, ọ̀fẹ́ ni. Òfin UBE, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 sọ pé láti Púrámárì 1 dé JSS3 ní ilé-ìwé ìjọba, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó ilé-ìwé. Ẹni tó bá gbà á, ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló ń dúró dè é, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà yìí ò gbàgbé àwa òbí. Ẹni tó bá kọ̀ láti rán ọmọ lọ sílé-ìwé, ìbáwí ni wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí, bó bá tún ṣe é, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. (₦2,000 ọdún 2004 o, kì í ṣe ti ìsinsìnyí tí kò tó owó àpò símẹ́ńtì.)

Ṣùgbọ́n owó PTA yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé. Òbí ló ń jókòó pinnu rẹ̀, láti tún páìpù omi ṣe tàbí láti sanwó ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà lóru. Àwa tí a kàwé nínú kíláàsì tí ìjọba Gómìnà Jákàǹdè kọ́, èyí tí àwọn ẹlẹ́yà ń pè ní ilé adìẹ nígbà náà, a mọ̀ pé ọ̀fẹ́ kò sọ pé òrùlé kò ní jò. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n kò ju mẹ́ta lọ: ìpàdé wo ló fọwọ́ sí i, ta ló ń kọ rìsíìtì, àkáǹtì ta ni? Bí wọ́n bá ní àkáǹtì ẹnì kan ni, ẹ máa fọwọ́ mú owó yín.

Ẹjọ́ tí a gbé lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀

Mo rántí ìyá kan tó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé kan ní Mákòkó lọ sí òmíràn ní Súrùlérè. Púrámárì 4 ni ọmọ wà. Aláùsá, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ni wọ́n ní kó lọ. Ó wọ dánfó lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà. Ibi tó yẹ kó lọ kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sílé rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà LGEA, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, níbi tí Education Secretary wà. Bí kò bá yanjú níbẹ̀ ni ẹ ó tó lọ sí SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ní Maryland. LGEA ń tẹ̀lé ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí a ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe LCDA, àwọn ìjọba agbègbè tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹni tó ń gbé ní Yaba LCDA, Lagos Mainland ni LGEA tirẹ̀. Ti sẹ́kọ́ńdírì ní ọ̀nà mìíràn: Education District ni, mẹ́fà ni wọ́n ní gbogbo ìpínlẹ̀. Lagos Mainland, Súrùlérè àti Àpápá wà lábẹ́ District IV, Sábó ní Yábà ni ọ́fíìsì wọn. Erékùṣù Èkó wà lábẹ́ District III pẹ̀lú Etí-Ọ̀sà, Ìbẹ̀jù-Lẹkkí àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ kọ ẹjọ́ yín sínú lẹ́tà, kí ẹ mú ẹ̀dà kan dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ariwo ò ní fáìlì.

Ẹjọ́ kan wà tí kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí rárá. Bí àgbàlagbà kan bá fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, ẹ má ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ PTA. Mo ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, níbi tí àwọn àgbà ti ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká fi ṣe ọ̀rọ̀ ilé," ojú sì ń tì mí títí dòní pé mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé láìsọ nǹkan kan. Ẹ pe DSVA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń gbógun ti ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá inú ilé, lórí 08000333333, ẹ kò ní sanwó ìpè. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà pàjáwìrì 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè.

Fọ́ọ̀mù tí a fọwọ́ sí láìkà, àti èyí tí a fàya láìkà

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ àjẹsára HPV fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ọ̀fẹ́ ni. Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní HPV yìí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Fọ́ọ̀mù délé, àwọn kan ti gbọ́ ohùn mìíràn lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ọmọ bímọ ni. Wọ́n fa pépà náà ya. Àwọn mìíràn fọwọ́ sí i láìmọ ohun tó jẹ́, ọmọ sì délé pẹ̀lú apá tó ń dùn ún, ni ariwo bá ta. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé wà ní àdúgbò wa, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ iṣẹ́. Ẹ lọ bi í.

Ohun kékeré méjì kù. Ẹ yé gbé fọ́tò káàdì èsì ọmọ yín sórí status, torí orúkọ rẹ̀, kíláàsì rẹ̀ àti orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ wà lórí rẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ wá sípàdé. Àwọn ìyá tó ti fi ọjà sílẹ̀ wá ń wo ago.

Ti nọ́ńbà fóònù ni mo fi sílẹ̀ dé ìparí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ibà gbé ọmọdébìnrin kan ṣánlẹ̀ ní kíláàsì. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níwájú orúkọ rẹ̀, ti àǹtí rẹ̀, àǹtí náà sì ti kó lọ sí Ìbàdàn láti ọdún tó kọjá. Aago mẹ́rin kọjá kí a tó rí ẹni tó mọ ilé wọn. Bí wọ́n ṣe gbé e lọ tán, mo ní kí tíṣà ṣí rẹ́jísítà kí n wo ti ọmọ tèmi. Síìmù tí wọ́n jí mọ́ mi lọ́wọ́ ní Ojúẹlẹ́gba ló wà níbẹ̀.