Àṣìṣe tó ń sọ ilé olówó pọ́ọ́kú di ilé olówó gọbọi l'Abẹ́òkúta

Ẹni tó ń wá ilé sábà máa ń bi ájẹ́ńtì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Èló ni?" Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó ọdún kan ni ájẹ́ńtì máa dárúkọ, kì í ṣe gbogbo owó tó máa kúrò lápò yín. Ká ní yàrá àti pálọ̀ kan jẹ́ ₦400,000 lọ́dún. Ájẹ́ńtì á gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦40,000. Àgírímẹ́ńtì á gba iye kan náà. Owó káṣọ̀n, ìyẹn owó ìdúró tí ẹ máa gbà padà bí ẹ bá ń kó jáde, náà lè tó bẹ́ẹ̀. Ó ti di ₦520,000 kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ẹ béèrè pé, "Èló ni gbogbo ẹ̀ pátápátá?" Kí wọ́n sì tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí WhatsApp, pẹ̀lú iye tí ẹ máa san lọ́dún kejì. Owó ájẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ńtì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí ẹ san án.

Omi ló ń dun ayálégbé jù nílùú yìí, síbẹ̀ òun ni wọn kì í wò. Abẹ́ òkúta la wà lóòótọ́. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹni tó ń gbẹ́ kànga máa ń kan àpáta kó tó jìn, ìdí nìyẹn tí kànga tó kún lóṣù Kẹsàn-án fi lè di ẹrẹ̀ lóṣù Kejì. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò lẹ lọ wo ilé, omi tí ẹ rí kò tíì jẹ́rìí nǹkan kan. Ẹ so òkúta kékeré mọ́ okùn, ẹ jù ú sínú kànga títí tó máa fi kanlẹ̀, kí ẹ fà á jáde. Ibi tí okùn tutù dé ni omi jìn mọ. Bí kò bá tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà nígbà òjò, ẹ má gbára lé e nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ájẹ́ńtì sílẹ̀, kí ẹ lọ bá ìyá tó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Níbo lẹ ti ń pọnmi bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé?" Bó bá nawọ́ sí ìta, owó omi ti wọ ìṣirò yín nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ kànga ẹ̀rọ ni ilé ọ̀hún ní, ẹ béèrè ẹni tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ tó ń fa omi sókè. Àwọn ayálégbé ló sábà máa ń dá a.

Ti iná náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná nílùú yìí, ti pín àdúgbò sí Band A dé E: ti A yẹ kó rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, ti E wákàtí 4. Ṣùgbọ́n owó yúníìtì Band A ga fíìfíì ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà iná púpọ̀ kì í ṣe èrè fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré. Ẹ má gba ilé tí ayálégbé márùn-ún ti ń lo mítà kan. Ẹni tó ní fìríìjì àti ẹni tó ní gílóòbù kan á jọ dá iye kan náà, ìjà dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ mítà tiyín ni, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ ra iná ₦1,000 sí i kí ẹ tó sanwó ilé. Bí yúníìtì tó jáde bá kéré ju bó ti yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gbèsè ayálégbé àtijọ́ ló ń jẹ ẹ́.

Àwọn kan máa ń sá lọ sí ẹ̀yìn Obántokò nítorí pé ilé kò wọ́n níbẹ̀, tí iṣẹ́ wọn sì wà ní Pánséké. Bí ìrìnnà yín bá fi ₦600 pọ̀ sí i lóòjọ́, fún ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ₦158,400 ni lọ́dún. Ilé tó fi ₦100,000 wọ́n ju tọ̀hún lọ ti sàn jù ú.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri dáadáa. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n tún kùn, ẹ béèrè ibi tí omi òjò dé rí. Àgbàrá oṣù Keje ọdún 2018 gbẹ̀mí èèyàn nílùú yìí.

Ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọ inú yàrá fúnra yín. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ lè má mọ lánlọ́ọ̀dù rárá, ó sì lè ti gba owó yàrá kan náà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ bi aládùúgbò bóyá òun náà ni, kí ẹ sì san owó ilé sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ tó wà lórí àgírímẹ́ńtì.

Ẹ ka àgírímẹ́ńtì yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ayálégbé ọlọ́dọọdún tí ìwé rẹ̀ dákẹ́ lórí nótíìsì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí ìwé bá kọ oṣù kan, oṣù kan náà lẹ gbà yẹn. Kí ọdún yín bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gba kọ́kọ́rọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ sanwó. Lọ́jọ́ yẹn náà, kí ẹrù tó wọlé, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri, páálí òrùlé, ilẹ̀kùn àti ẹnu ẹ̀rọ omi, kí ẹ fi í ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Òun lẹ máa fi gba owó káṣọ̀n yín padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.