Bí mo ṣe fọ táńkì ẹja àlòkù kí n tó kó ẹja sínú ẹ̀

Táńkì ẹja àlòkù ni mo rà, ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ò sì lè sọ pàtó nǹkan tó pa àwọn ẹja ẹ̀, ó ṣáà ní wọ́n kú tán lòun ṣe gbé e tì. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn ni mo ti mọ̀ pé fífọ̀ lásán ò ní tó, àfi kí n pa gbogbo nǹkan tó lè fara pa mọ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, kò sí táńkì àlòkù tó yẹ kéèyàn fọkàn tán torí pé gíláàsì ẹ̀ ń dán, àìsàn ẹja kì í hàn lára gíláàsì.

Kí n tó mú kànìnkànìn rárá, mo kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń jò. Ìta ni mo gbé e sí, lórí pákó tó tẹ́jú dáadáa, mo wá tẹ́ tíṣù yí ìdí ẹ̀ ká kí n lè tètè rí i tí omi bá kán sílẹ̀, mo bu omi sí i dé ìdajì, mo ní sùúrù díẹ̀, mo tún bu omi kún un, ó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fojú kékeré wo ìwúwo omi o, lítà kan kílò kan ni, táńkì 100 lítà ti gbé 100 kílò omi ká tó ka gíláàsì mọ́ ọn, ẹ má gbé e nígbà tí omi bá ṣì wà nínú ẹ̀ jàre, ó lè sán. Mo tún fi ìka tẹ sílíkóònù ẹ̀ látòkè délẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi lẹ gíláàsì pọ̀, ó ṣì dì mú. Ká ní ó ti ń ṣí ni, ǹ bá gé e kúrò kí n fi tuntun sí i, èyí tí wọ́n sì ṣe fún táńkì ẹja ni o, torí ti balùwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tó ń pa èbu nínú, ìyẹn ò sì dáa fẹ́ja.

Òkúta wẹ́wẹ́ àtijọ́ àti fóòmù inú fíltà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táńkì, mo kó gbogbo ẹ̀ dà nù. Igi tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú ẹ̀ náà, mo yọ ọ́, torí bílíìsì ni mo fẹ́ fi pa kòkòrò inú táńkì, igi sì máa ń fa bílíìsì mu, ó sì lè máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹja bá ti wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ wá kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọṣẹ kankan kàn án, ì báà jẹ́ ti abọ́ tàbí ti aṣọ, ó máa ń ṣòro láti ṣan kúrò pátápátá, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù máa ń ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́. Kànìnkànìn tuntun ni mo lò, kì í ṣe èyí tó ti kan ọṣẹ rí.

Ìlà funfun tí omi ti gbẹ sí lókè táńkì ló gba àkókò mi jù. Mo da táńkì dùbúlẹ̀, mo rẹ tíṣù sínú fínígà funfun, mo tẹ́ ẹ lé ìlà náà lórí bíi ààbọ̀ wákàtí. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti rọ̀, mo wá dẹ abẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mo ń fi ha á díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, mi ò sì jẹ́ kí abẹ kan sílíkóònù. Gíláàsì nìkan lẹ lè lo abẹ fún o, tó bá jẹ́ oníke ni tiyín, abẹ máa ha á yánnayànna.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù nìyí: mo ṣan fínígà yẹn kúrò pátápátá kí bílíìsì tó dé ibẹ̀, torí tí àwọn méjèèjì bá pàdé, gáàsì kílórínì ló máa jáde, ó sì lè ṣe èèyàn léṣe gan-an. Ìdọ̀tí náà gbọ́dọ̀ ti kúrò ṣáájú, torí ìdọ̀tí máa ń gba agbára bílíìsì. Bílíìsì lásán ni mo lò, tí ò ní lọ́fíńdà, tí kì í hó, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fi nu gbogbo ara ẹ̀ títí kan kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, mo jẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15, mo wá ṣan án ní àṣantúnṣan. Lẹ́yìn náà mo bu omi kún un, mo da oògùn tó ń pa kílórínì sí i, mo fi sílẹ̀, mo dà á nù, mo wá jẹ́ kó gbẹ táútáú. Gbígbẹ yẹn ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń mú ẹja ni ò lè yè níbi tí ò sí omi.

Àmọ́ kòkòrò kan wà, Mycobacterium marinum, ara ẹ̀ ní ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí bílíìsì tètè pa á, ó sì lè gba ojú egbò wọ ọwọ́ èèyàn kó di egbò tó máa pẹ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe tún fi ọtí ìpakòkòrò, ìdá 70 nínú 100, nu inú ẹ̀ nígbà tó gbẹ, níta, níbi tí ò sí iná.

Táńkì mọ́ o, àmọ́ kò tíì yá fẹ́ja, torí bakitéríà tó dáa náà ti kú. Ìgbẹ́ ẹja máa ń di amóníà, kẹ́míkà tó lè pa ẹja, bakitéríà kan ló ń sọ amóníà di nitrite, tóun náà léwu fẹ́ja, òmíràn á sọ nitrite di nitrate tí ò fi bẹ́ẹ̀ léwu, àwọn wọ̀nyí sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Mo tan fíltà, mo ń fi amóníà díẹ̀díẹ̀ bọ́ wọn, mo ń yẹ omi wò, ìgbà tí amóníà àti nitrite di 0 tí nitrate sì ti fara hàn ni mo tó lọ ra ẹja, díẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ kó sí i kí bakitéríà lè máa pọ̀ bí ẹja bá ṣe ń pọ̀.